Ọjọ́ Tí Wọ́n Pariwo Olè Létí Omi

Òórùn èéfín ẹja ni mo kọ́kọ́ fi mọ ilé wa ní Ajah. Kí o tó rí òrùlé rẹ̀ rárá, láti ibi tí ọlọ́kadà bá ti já ọ sílẹ̀ lẹ́yìn Thomas Estate, èéfín náà á ti wá pàdé rẹ lọ́nà, òun àti òórùn igi tútù, àti ti ẹrẹ̀ tí àwọn akàn gbẹ́ ihò sí. Ọmọ Ìkirè ni mí, ìwọ náà mọ̀. Níbi tí a ti wá, odò tí ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni a mọ̀ sí omi. Nígbà tí mo wá rí omi tó tẹ́ lọ bẹẹrẹ lẹ́yìn ilé, tí koríko bo etí rẹ̀, tí àwọn lékeléke dúró sínú rẹ̀ lórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹnu yà mí. Mo ní mi ò ní pẹ́ níbẹ̀, nítorí mo ń bẹ̀rù omi. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo lò.

Àwọn ọdún tí wọ́n ń fẹ ọ̀nà márosẹ̀ Lekki ni. Kò síbi tí kì í hó. Tírélà iyanrìn ń gba iwájú, tírélà símẹ́ǹtì ń gba ẹ̀yìn, wọ́n ń da iyanrìn dí irà, ilé sì ń hù níbi tí ẹja ti ń yé lọ́dún tó kọjá. Iṣẹ́ táìsì lèmi ń ṣe. Láti Ikate títí dé Ajah, bálùwẹ̀ tí mo lẹ táìsì sí pọ̀ ju èyí tí mo lè rántí lọ, àwọn mìíràn tóbi ju odindi yàrá mi lọ, tí wọ́n sì ní àwo ìgbọ̀nsẹ̀ méjì nínú ẹyọ kan, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ máa ṣu tọkọtaya. Mo máa ń fi rẹ́rìn-ín. Bí mo bá ṣíwọ́ iṣẹ́ tán, èmi náà á gbé garawa lọ sí ẹ̀yìn ilé wa, màá wẹ̀ lábẹ́ ọ̀run.

Ìyá onílé wa jẹ́ ọmọ bíbí etí omi yẹn. Opó ni, orí rẹ̀ ti funfun, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ le ju apá èmi tí mo ń gbé páálí táìsì lọ. Ìgèrè ló ń dẹ fún ẹja àti akàn, ìyẹn apẹ̀rẹ̀ gígùn tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ níta tó sì ń fún wọnú, tó jẹ́ pé ohun tó bá wọ inú rẹ̀ kò ní mọ̀nà jáde mọ́. Kì í ṣe èèyàn jẹ́jẹ́. Bí o bá tutọ́ sómi lójú rẹ̀, kí o yáa máa sá lọ. Ó máa ń ní, “Ṣé inú abọ́ ìyá ẹ lo tutọ́ sí yẹn?” Mo rò pé àsọdùn lásán ni, àfi ìgbà tí mo rí i bó ṣe ń bá omi náà sọ̀rọ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù, tó ń kí i kó tó ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Mi ò tún fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Òórùn náà ló kọ́kọ́ yí padà. Ó ń wá, ó ń lọ, a sì ń bú ara wa pé ta ló ṣu sẹ́yìn ilé. Lẹ́yìn náà ni ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó, ikùn funfun sókè, èpìyà kéékèèké tí kò tíì tó jẹ. Àwọn lékeléke jẹ ẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì kó lọ. Omi kànga wa, tí kò jìnnà sí etí odò, ń hó bí omi ọṣẹ. Àwọn ọmọ inú ilé ń yàgbẹ́. Ọmọ-ọmọ ìyá onílé, ọmọdébìnrin kan tí kì í lè dákẹ́, ṣu, ó bì, títí tí ojú rẹ̀ fi kó wọnú tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n so omi mọ́ ọn lọ́wọ́ ní ọsibítù, Ọlọ́run sì yọ ọ́. Ìyá náà jókòó tì í tọ̀sán-tòru, kò sunkún, ojú rẹ̀ kàn ń pọ́n sí i ni.

Òun ló ṣọ́ ọ títí tó fi mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Tánkà tí ń fa ṣáláńgá àwọn ilé ńlá ni. Ibi tí wọ́n ní kí wọ́n máa lọ dà á sí jìnnà, ọ̀nà sì dí nítorí iṣẹ́ títì, ni awakọ̀ kan bá rí ọ̀nà eléruku tó gba ẹ̀gbẹ́ ilé wa já sétí omi. Yóò fi ìdí ọkọ̀ sẹ́yìn, yóò sọ ọ̀pá rọ́bà rẹ̀ sómi, yóò ṣí fáàfù ìdí tánkà, kí ìgbẹ́ máa dà. Ìyá onílé lọ sọ fún baálẹ̀. Ó lọ bá àwọn gáàdì lẹ́nu géètì. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí káńsù, wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Ọ̀rọ̀ pé àwọn ti gbọ́ yẹn náà ló bá dé ilé.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo wà nílé nítorí táìsì gé mi lọ́wọ́, ni mo bá gbọ́ igbe rẹ̀. “Ẹ gbà mí o! Ẹ wá wò ó, wọ́n ń da ìgbẹ́ sómi o!” Mo sáré jáde. Àwọn ọkùnrin àdúgbò wà lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì wẹ́dà, ajórin tó wà lójúde, wọ́n ń ta dráfù. Kò sẹ́ni tó dìde. Wẹ́dà náà fúnra rẹ̀, ọkùnrin gìrìpá kan tí ẹnu rẹ̀ máa ń le, ó jẹ ọmọ dráfù kan, ó ní, “Màmá, omi ti gbogbo ayé ni. Á ṣàn lọ, ẹ fọkàn balẹ̀.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Awakọ̀ tánkà náà ṣe tirẹ̀ tán pẹ̀lú ìfọkànbalẹ̀, ó ká rọ́bà rẹ̀, ó sì tẹrí ba nígbà tó ń kọjá lọ́dọ̀ ìyá náà, ó ní, “Màmá, ẹ kú ọ̀sán o, ẹ kú iṣẹ́.” Ọmọlúàbí ni, àbí o rí nǹkan. Ìkíni yẹn ló dun ìyá onílé ju ìgbẹ́ lọ. Nírọ̀lẹ́, nígbà tó ń fẹ́ná lábẹ́ ààrò, ó sọ̀rọ̀ láìwo ojú mi. “Wọn ò gbọ́ èdè tí mò ń sọ. Ó dáa. Màá sọ èyí tí wọ́n gbọ́.” Mi ò mọ ohun tó ní lọ́kàn, mo rò pé èpè ló fẹ́ ṣẹ́ lé wọn.

O rántí sanitéṣọ̀n, Sátidé tó máa ń gbẹ̀yìn oṣù, tí kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ jáde láàárọ̀? Gbogbo ilé á máa gbálẹ̀, wọ́n á máa kó gọ́tà, wọ́n á máa ṣán koríko. Ọkọ̀ ìmọ́tótó nìkan ni ọlọ́pàá kì í dá dúró. Tánkà náà sì ń jẹ́ ọkọ̀ ìmọ́tótó, wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà. Bí àwa ṣe ń kó ẹrẹ̀ gọ́tà wa ní kóńgò-kóńgò lọ́wọ́ iwájú ilé, bẹ́ẹ̀ ló ṣe gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, tí awakọ̀ ń juwọ́ sí wa. Gbogbo ọkùnrin àdúgbò ló wà níta, gbogbo wọn ló sì mú nǹkan lọ́wọ́: ṣọ́bìrì, àdá, ọkọ́, réèkì onírin.

Ni ìyá onílé bá ké láti ẹ̀yìn ilé. “Olè! Olè! Olè o!”

O mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń ṣe nílùú Èkó. Èèyàn lè pariwo iná, kí wọ́n máa wo òrùlé. O lè pariwo pé ọmọ ń kú, kí wọ́n bi ọ́ léèrè pé ọmọ ta ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbọ́ olè, ẹsẹ̀ á yá ju etí lọ. Kò tíì pẹ́ tí àwọn jàgùdà gba orí omi wọlé sí àdúgbò wa, wọ́n kó jẹnẹrétọ̀, wọ́n ṣá ẹnì kan lápá, inú ṣì ń bí gbogbo wa. Ilẹ̀ mì tìtì. Mo ju kóńgò sílẹ̀, mo sá tẹ̀ lé wọn, nígbà tí mo sì ya igun ilé, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ.

Ṣọ́bìrì ló kọ́kọ́ ba awakọ̀ tánkà náà, léjìká. Ó yí padà láti wo ẹni tó lu òun, òmíràn sì bà á ní ẹ̀yìn orúnkún, ó ṣubú. Ó ń ké pé, “Mi ò jalè! Ẹ bi wọ́n, mi ò jalè!” Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n gbogbo olè ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Wẹ́dà mú ọ̀pá irin tí ó fi ń ṣe géètì, ó gbé e sókè, mo sì gbọ́ bí egungun apá ọkùnrin náà ṣe dún, bí ẹni ṣẹ́ igi ìdáná. Mo ń pariwo pé, “Ẹ dúró! Awakọ̀ ni! Awakọ̀ tánkà ni!” Ta ni yóò gbọ́? Ìgúnpá ẹnì kan fọ́ mi lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ kún eyín mi. Wọ́n ń lù ú bí ẹni ń pa ejò, pẹ̀lú ìbẹ̀rù, pé bí wọ́n bá dáwọ́ dúró, yóò dìde. Ọkùnrin kan tí mo mọ̀ dáadáa, tí kì í lè wo adìẹ tí wọ́n bá ń dúńbú, fi eyín réèkì gbá a lójú. Igbe tí awakọ̀ náà ké lẹ́yìn ìyẹn kò jọ ti èèyàn mọ́. Ẹ̀jẹ̀ bo ìdajì ojú rẹ̀, ó dà sí ẹ̀wù rẹ̀, ó sì dà pọ̀ mọ́ ẹrẹ̀ tí a ti tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹnì kan ti lọ yí táyà wá láti ọ̀dọ̀ fọkanáísà. Ẹlòmíràn gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ dé. “No waste time! Ẹ fi kọ́ ọ lọ́rùn!” Wọ́n fi táyà kọ́ ọ lọ́rùn, wọ́n da bẹntiróòlù lé e lórí, ó kan ojú tó fọ́ yẹn, ọkùnrin náà sì fò sókè láti ìdùbúlẹ̀, ó tún ṣubú. Wẹ́dà ń fọwọ́ tú àpò rẹ̀, ó ń wá ìṣáná.

Ìyá onílé dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní gbogbo ìgbà yìí, ó ká ọwọ́ méjèèjì lérí, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ohun tó rò ni pé wọ́n á mú un, wọ́n á gbá a létí, wọ́n á lé e lọ, kò ní padà wá mọ́. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà, mo sì gbà á gbọ́. Nígbà tí òórùn bẹntiróòlù dé imú rẹ̀ ló tó ta gìrì. Ó sáré wọ àárín wọn, ó fi gbogbo ara dùbúlẹ̀ lé ọkùnrin náà lórí.

“Màmá, ẹ dìde! Bẹntiróòlù ti kan aṣọ yín!”

“Mi ò dìde. Kì í ṣe olè.”

“Ẹ̀yin lẹ pè é lólè!” Wẹ́dà ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, ìṣáná ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Kí ló jí, nígbà náà?”

“Omi,” ni ìyá náà wí. “Omi wa ló ń jí.”

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ẹ̀rín yẹn ni ì bá pa àwọn méjèèjì, nítorí ojú ti wẹ́dà, bí ojú bá sì ti irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, ìbínú ló máa ń fi bò ó. Ó ní, “Nítorí omi lẹ ṣe sọ wá di apànìyàn? Ẹ kúrò níbẹ̀!” Ó ti fa igi ìṣáná kan yọ. Ìyá onílé wá dìde sórí orúnkún. Ó tú gèlè rẹ̀, ó jù ú sílẹ̀, irun funfun rẹ̀ hàn síta. Ó di ìdí ìró rẹ̀ mú. Ó ní, “Mo bí yín lọ́mọ. Ẹ ṣáná yẹn, kí n tú èyí, kí n ṣíhòòhò fún yín, kí a wo ẹni tí ayé máa gún nínú wa.”

O lè máa rẹ́rìn-ín, ìwọ tí o ti lajú. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó fọ́ ojú èèyàn láìmikàn yí ojú wọn sẹ́yìn bí ọmọdé, torí kò sí ọkùnrin tó fẹ́ rí ìhòòhò ẹni tó tó ìyá tó bí i lọ́mọ, kí nǹkan rẹ̀ má bàa dàrú títí láé. Ẹni tó gbé kẹ́ẹ̀gì dé ti ń sá lọ. Igi ìṣáná bọ́ lọ́wọ́ wẹ́dà. Ibẹ̀ wá pa lọ́lọ́, ìgbà náà ni a tó gbọ́ ọ. Gbu, gbu, gbu. Ọ̀pá rọ́bà tánkà ṣì wà lómi. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń lu ọkùnrin náà nítorí omi, kò sí ẹyọ ọwọ́ kan, nínú gbogbo ọwọ́ tó wà níbẹ̀, tó rántí ti fáàfù. Ìgbẹ́ náà ti ṣàn tán kí n tó débẹ̀. Mo ti fáàfù náà ṣáá.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni a fi gbé awakọ̀ náà lọ sí ọsibítù ní Ajah, èmi àti ìyá onílé, orí rẹ̀ lórí ẹsẹ̀ mi. Ó di ẹ̀wù mi mú, ó ń bẹ̀ mí pé kí n má jẹ́ kí ìyàwó òun wá rí òun báyìí. Ojú rẹ̀ kan kò ṣeé tọ́jú mọ́, wọ́n yọ ọ́. Ọlọ́pàá dé àdúgbò wa, kò sì sẹ́ni tó rí nǹkan kan. Gbogbo wa ń gbálẹ̀, sanitéṣọ̀n là ń ṣe. A kò tíì sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán tí tánkà mìíràn fi tún gba ẹ̀gbẹ́ ilé wa kọjá. Wẹ́dà ló jáde sí i lọ́jọ́ yẹn. Kò bú u, kò nà án, ó kàn dúró sáàárín ọ̀nà títí tó fi yí padà. Lọ́jọ́ kejì ó gbẹ́ ihò sẹ́nu ọ̀nà náà, ó ri òpó irin mọ́lẹ̀, ó sì jó irin dábùú rẹ̀. Kò gba kọ́bọ̀, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Àwọn tánkà náà kó lọ sí apá ìsàlẹ̀, sétí omi àwọn ẹlòmíràn, omi kan náà ni.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni awakọ̀ náà padà wá. Àárọ̀ ni, ìyá onílé wà létí omi, ó ń tún ìgèrè rẹ̀ hun bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rí nǹkan mú mọ́, èmi sì ń fọ aṣọ. Mo rí ẹni tó ń bọ̀ tó fi orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ojú rẹ̀ kan lè ríran, tí apá rẹ̀ kan kò nà tán. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé ó kó èèyàn wá. Òun nìkan ni. Ìyá onílé rí i, ìgèrè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀, ìyá arúgbó, fún ẹni tí kò tó àbíkẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin náà yára dọ̀bálẹ̀ kó tó kúnlẹ̀ tán. Báyìí ni àwọn méjèèjì ṣe wà nílẹ̀, wọ́n kọjú síra wọn lórí ẹrẹ̀, tí ẹnì kan kò fẹ́ dìde ṣáájú ẹnì kejì.

“Màmá, ẹ dìde, ẹ má ṣe èyí fún mi.”

“Ìwọ ni kí o dìde. Èmi ni mo pè ọ́ ní ohun tí o ò jẹ́.”

“Èmi náà mọ ohun tí mo ṣe, màmá. Mo wá bi yín léèrè ni. Ṣé akàn ti padà?”

Ó mi orí pé rárá.

Mo ṣe ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe bí nǹkan bá bàjẹ́ tí a ò mọ ohun tí a ó sọ. Mo ní, “Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ pé ẹ̀mí wà. Omi ló dànù, agbè ò fọ́.” Kí n tó sọ ọ́ tán ni mo ti mọ̀ pé ǹ bá ti dákẹ́. Ọkùnrin náà fọwọ́ kan ibi tí ojú rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Ìyá onílé wo omi, ó wò mí. Kò bínú, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀ bí ẹni ń kọ́ ọmọ. Ó ní, “Ọmọ Ìkirè, lójú tìrẹ, èwo ni omi, èwo ni agbè? Agbè fọ́, a lè gbin òmíràn. Ta ló ń gbin omi?”

Mo ti kúrò ní Ajah, ilé yẹn náà ti di ilé alájà púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń ro ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe tánkà ni mo máa ń rò, kì í ṣe ìyá onílé ni mo sì máa ń dá lẹ́bi. Inú mi máa ń bàjẹ́, kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Nígbà tó sọ òótọ́ fún wa, a ń ta dráfù. Nígbà tó pa irọ́ kan ṣoṣo, a sáré, a mú irin lọ́wọ́. Ká ní a dìde sí igbe àkọ́kọ́ yẹn ni, kí ẹnì kan kàn lọ fi ọwọ́ ti fáàfù, kí ó ní kí ọkùnrin náà máa lọ, ojú rẹ̀ méjèèjì ì bá wà lórí rẹ̀ lónìí, akàn ì bá sì máa gbẹ́ ihò sínú ẹrẹ̀.